Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke àti Òkè-Odò: kí òbí tó sanwó

Nígbàkigbà tí Yunifásítì Ìlọrin bá ń gba ọmọ tuntun wọlé, ojú ọ̀nà Tanke kì í sinmi. Ọkọ̀ àwọn òbí á tò gbọọrọ, fóòmù á wà lókè wọn, àwọn àjẹ́ǹtì á sì ti dúró sétí títì: "Ẹ káàbọ̀ mà, yàrá wà o! Ó ní táìlì, ó ní POP (àjà funfun oníṣọ̀nà), wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni." Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń polówó dáadáa. Táìlì, POP, ọ̀dà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan nínú wọn kọ́kọ́ dárúkọ omi, bẹ́ẹ̀ omi ló ń lé ọmọ kúrò nínú ilé kí sáà tó parí. Ọ̀dà ara ògiri kì í lé ẹnikẹ́ni jáde.

Àwọn yàrá aládàáni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, láti Tipper Garage ní Tanke títí dé Òkè-Odò tó súnmọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ẹrù tí òbí ń rà sínú wọn. A ò ní dárúkọ ilé kankan. Ilé tó dára lónìí lè bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ bí onílé bá pààrọ̀ alámòójútó, nítorí náà mímọ bí a ṣe ń wo ilé wúlò ju orúkọ ilé lọ. Ìdájọ́ wa ni pé omi ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ sanwó fún, lẹ́yìn náà ọ̀nà, lẹ́yìn náà iná. Ẹwà ilé ló kẹ́yìn.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àjẹ́ǹtì rárá, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbìyànjú bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà. Wọn kì í tó fún gbogbo ọmọ, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ ẹ máa fi falẹ̀ lórí pọ́tàlì. Fún ọmọ tó wà ní ọdún kìíní, kò sí yàrá ìta tó dára tó o, bó ti wù kó rẹwà. Ìdí ni pé ilẹ̀ yunifásítì yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, tóbi púpọ̀. Nǹkan bí 15,000 hẹ́kítà ni. Láti géètì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń sùn nínú ọgbà lè jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kó sì bá kíláàsì aago mẹ́jọ. Èyí tó ń bọ̀ láti Tanke gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà ọkọ̀ nígbà yẹn. Ọdún kìíní náà ni ọmọ kò tíì mọ ẹni tó yẹ kó bá rìn, kò tíì mọ òru tó yẹ kó padà sílé. Bí bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà bá bọ́, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ síta.

Ọ̀nà

Ẹni tó bá ń wo owó ilé nìkan á rò pé Tipper Garage tàbí ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá F-Division rọ̀ lọ́rùn ju Òkè-Odò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá ní láti wọ ọkọ̀ méjì lọ, ọkọ̀ méjì bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ogún ọkọ̀ nìyẹn lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí sẹ̀mẹ́sítà kan fi ń rìn, ó di 300 ọkọ̀. Ká sọ pé 200 náírà ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, 60,000 náírà ti lọ. Ọmọ tó wà ní Òkè-Odò tó ń wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ, kan bọ̀, á ná ìlàjì rẹ̀. Lórí sẹ̀mẹ́sítà méjì, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 60,000 náírà. Yàrá Òkè-Odò tó fi 40,000 wọ́n ju ti Tanke lọ kò wọ́n rárá nìyẹn, ó tún ti jẹ́ kí ọmọ sùn fún ìdajì wákàtí sí i láàárọ̀.

Láti bí aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, kọ̀rọ̀pẹ́ àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà kì í tó èrò. Ohun tó yẹ kí òbí ṣe ni kó dúró síbi tí ọmọ á ti máa wọkọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, kó fojú ara rẹ̀ rí ìlà náà. Ẹ tún rìn láti ojú títì dé ilé lẹ́yìn òjò. Ọ̀pọ̀ àdúgbò inú Òkè-Odò ni ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀dà. Amọ̀ pupa ni, ọ̀kadà á sì kọ̀ láti wọ ibẹ̀ bí ilẹ̀ bá rin. Ilé tó jìn sínú tó bẹ́ẹ̀, ẹrù gáàsì àti kẹ́ẹ̀gì omi dorí ọmọ nìyẹn.

Omi

Orí òkúta ni Ìlọrin jókòó sí. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ohun tó wà káàkiri bákan náà: inú ibi tí òkúta ti là tàbí tó ti rà ló ń gbà. Bóhòòlù ilé kan lè máa tú omi jáde yàà, kí ti ilé kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa yọ ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ omi ìjọba láti dáàmù Asa àti Àgbà pẹ̀lú kò dé gbogbo ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sílẹ̀ ní ọ̀nà Tanke. Ohun tí onílé gbẹ́ sínú ọgbà rẹ̀ ni ọmọ yín á mu, á wẹ̀, á fi fọṣọ.

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń béèrè ni "Ṣé omi wà?" Kò sí àjẹ́ǹtì tó máa sọ pé kò sí. Ẹ béèrè pé: "Oṣù wo ni kànga yìí gbẹ lọ́dún tó kọjá?" Ẹ má sì bi àjẹ́ǹtì tàbí alámòójútó, ẹ bi ọmọ tó ń fọṣọ lẹ́yìn ilé. Bó bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn náà. Kànga tí kò jìn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé ní Nọ̀fẹ́ńbà, tó bá fi máa di Fẹ́búrúárì sí Máàṣì, ọ̀pọ̀ wọn ti di ìsàlẹ̀ lásán. Yàrá tí ẹ lọ wò lóṣù Sẹ̀ńtẹ́ńbà, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, á dàbí ẹni pé omi rẹ̀ kò lè tán láéláé.

Táǹkì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ọmọ kan tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójọ́, tó ń fọ àwo, tó sì ń da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò lè lo ohun tó kéré sí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjì. Bí ilé bá ní yàrá méjìlá, tí ọmọ méjì méjì wà nínú rẹ̀, 1,200 lítà nìyẹn lójọ́ kan. Táǹkì dúdú tí ẹ ń rí lókè náà, lítà 1,000 ló sábà máa ń gbà. Kò lè tó ọjọ́ kan. Ó túmọ̀ sí pé pọ́ọ̀ǹpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, pọ́ọ̀ǹpù kò sì lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí iná. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ tí kò bá síná. Bí wọ́n bá sọ pé "àwọn ọmọ máa ń dáwó ni," ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye tí wọ́n dá lóṣù tó kọjá, kí ẹ fi kún owó ilé kí ẹ tó gbà pé ilé náà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ilé, ẹ má lọ ní ọ̀sán gangan nígbà tí gbogbo ọmọ ti lọ sí kíláàsì. Ẹ lọ ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tàbí àárọ̀ Sátidé. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi yàrá tó ga jù lọ nínú ilé, kí ẹ jẹ́ kó máa dà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì tún ṣí ti balùwẹ̀ ní àkókò kan náà. Bí ọ̀kan bá tán nígbà tí èkejì ń dà, páìpù tó kéré jù ni wọ́n fà, tàbí táǹkì náà kò ga tó. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé: bí kẹ́ẹ̀gì bá ti tò lẹ́bàá kànga bí ẹni tò sí ìlà ìdìbò, ẹ má wulẹ̀ béèrè mọ́, omi ò gun òkè níbẹ̀ nìyẹn.

Ní tòótọ́, ilé àtijọ́ kan tó ní kànga jíjìn, tó ní okùn àti garawa, sàn ju ilé tuntun tó ní ẹ̀rọ omi mẹ́rin nínú yàrá, tí ọ̀kankan nínú wọn kò dà. A mọ̀ pé ọmọ á kọ́kọ́ fajú ro. Lóṣù Máàṣì, òun náà á mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí sọ́kàwéè wà pẹ̀lú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà ń fẹ́ ni kó fi nǹkan bí 30 mítà jìnnà sí kànga. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n kọ́ yàrá méjìlá sí, ó ṣòro kí ó tó bẹ́ẹ̀, àgàgà bí sọ́kàwéè ilé kejì náà bá tún wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Nítorí náà, omi ilé fún wíwẹ̀ àti fífọ̀ nìkan ni kẹ́ẹ kà á sí. Fún mímu, ọmọ á ra omi inú ọ̀rá. Àpò kan ní ogún ọ̀rá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 sẹ̀ńtílítà, lítà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan á mu àpò kan tán ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún nígbà ooru. Ẹ fi owó náà sínú owó oúnjẹ rẹ̀, kó má bàa di pé ó ń mu omi kànga láti fi ra dátà.

Iná

Èyí kò ní gba àkókò, nítorí pé ó ṣeé kà lórí ìwé. IBEDC ló ń mú iná wá sí Ìlọrin, wọ́n sì pín àwọn àdúgbò sí ìsọ̀rí: A ni ó kéré tán wákàtí 20 lójọ́, B ni 16, C ni 12, D ni 8, E ni 4. Ẹ ní kí alámòójútó fi rìsíìtì iná tí wọ́n rà kẹ́yìn hàn yín. Ìsọ̀rí náà máa ń wà lára rẹ̀, orúkọ tó wà lórí mítà àti gbèsè tí wọ́n bá ń yọ nínú rẹ̀ náà máa ń wà níbẹ̀. Mítà tó ní gbèsè, bí ọmọ bá ra iná 5,000 náírà, apá kan rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ fún gbèsè ẹni tó ti kó jáde.

Mítà àjùmọ̀lò ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ nínú àwọn ilé yìí. Ọmọ mẹ́wàá á pín owó iná dọ́gba, ẹnì kan á sì máa fi hot plate se ẹ̀wà. Sítóòfù iná oní-1,000 wáàtì, bí wọ́n bá lò ó fún wákàtí méjì lójọ́, yúnìtì 60 ló ń jẹ lóṣù. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 200 náírà, 12,000 náírà nìyẹn fún ìkòkò ẹnì kan, lára owó tí mẹ́wàá jùmọ̀ dá. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan kò bá ní mítà tirẹ̀, ẹ wádìí bóyá òfin wà lórí hot plate àti fíríìjì, kó sì wà lákọsílẹ̀.

Owó àti ìwé àdéhùn

Owó ilé tí àjẹ́ǹtì kọ́kọ́ dárúkọ kọ́ ni ẹ ó san. Bí ó bá ní 250,000 náírà, ẹ ka àgírímẹ́ǹtì mọ́ ọn, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 25,000. Kọmíṣọ̀n, 25,000 mìíràn. Owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ká sọ pé 20,000. Ó ti di 320,000. Lọ́dún kejì, 250,000 nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí ọmọ máa kó láti ilé kan sí òmíràn lọ́dọọdún: bó ti ń kó, bẹ́ẹ̀ ni òbí ń san 50,000 fún àjẹ́ǹtì, kódà bí owó ilé tuntun bá rọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í kíyè sí ni ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjìlá ni onílé ń kà. Bí ẹ bá sanwó nínú Ọ́gọ́ọ̀sì nítorí kí yàrá má baà bọ́, tí ilé ẹ̀kọ́ kò sì wọlé títí di Nọ̀fẹ́ńbà, oṣù mẹ́ta ti lọ lófo. Lórí 250,000, 62,500 náírà ni. Ẹ bẹ onílé kó kọ ọjọ́ ìwọlé sí ìwé dípò ọjọ́ ìsanwó. Àwọn onílé tó ń gbé ní Ìlọrin fúnra wọn sábà máa ń gbà bí ẹ bá lọ bá wọn nílé, kí ẹ sì kí wọn dáadáa. Lọ́wọ́ àjẹ́ǹtì lórí fóònù, kò lè ṣeé ṣe. Ẹ má gbàgbé pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ kò dá owó ilé dúró.

Jìbìtì wọn kò pọ̀ ní oríṣi, méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹnì kan gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé, kó sì pa fóònù. Òògùn rẹ̀ ni kí ẹ má ṣe tiránsífà owó ilé sí àkáǹtì àjẹ́ǹtì. Àkáǹtì onílé tí orúkọ rẹ̀ bá tinú ìwé àdéhùn mu ni, kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èkejì ni owó fọ́ọ̀mù tàbí owó "ìwoye" tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó mú yín lọ wo ilé. Ẹni tó ní ilé gidi lọ́wọ́, kọmíṣọ̀n ló ń dúró dè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá: ilẹ̀kùn, sọ́kẹ́ẹ̀tì, gíláàsì fèrèsé, abẹ́ bẹ́sìnnì, sílíìnì ibi tí ó ti ní àmì omi. Ẹ fi ránṣẹ́ sí alámòójútó lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Owó kọ́ṣọ̀n kì í padà sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rí. Wọ́n á ní ọmọ ló fọ́ ohun tó ti fọ́ kó tó dé. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú, nítorí ẹni tó kó jáde lè ti gé òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi sí onílé, bí ẹ bá ti sọ fún un.

Ẹrù

Fóòmù ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, òun náà ló sì yẹ kí wọ́n rà kẹ́yìn. Ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì ná. Bẹ́ẹ̀dì onípele tó wọ́pọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì gba fóòmù ẹsẹ̀ mẹ́fà ní gígùn, ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ wá, etí rẹ̀ á ṣẹ́ léra. Ní ti nínípọn, íńṣì mẹ́rin á ti tẹ̀ lọ́dún kan lórí pákó tó láàfo láàárín. Íńṣì mẹ́fà ló yẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ sì yọwọ́: èyí tó bá pẹ́ kó tó padà sípò ti rọ̀ jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gba fóòmù tí ẹni tó kó jáde fi sílẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdun lè wà nínú rẹ̀. Ẹ tan fóònù sí oríkèé bẹ́ẹ̀dì onígi, sí ihò ìṣó àti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí ẹ bá rí àwọn tótó dúdú kéékèèké bí ìgbà tí bírò bá kán sí nǹkan, ibùgbé wọn nìyẹn. Omi tó hó yàà lára irin ń pa wọ́n. Lára igi, ó nira kó wọ inú. Oòrùn nìkan kò tó, wọ́n á kàn sá sí abẹ́ ni.

Gáàsì ló gba àlàyé jù. Sílíńdà 3 kílò tí ojú iná wà lórí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè ní camp gas. Ó kéré, ó rọrùn láti gbé lọ rọ, ó sì dára fún indomie, ẹyin, omi tíì. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tín-ín-rín ju ìdí ìkòkò lọ. Ọmọ tó bá gbé ìkòkò àmàlà kà á, tó sì fi omorogùn rò ó bó ṣe yẹ, á ti ìkòkò náà ṣubú. Omi gbígbóná tó bá dà síni lẹ́sẹ̀ sì ń jóni burúkú. Bí ilé bá ní kíṣìnnì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí, ẹ ra 6 kílò pẹ̀lú sítóòfù orí tábìlì. Bí kò bá sí, 3 kílò pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin tó fẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ sì gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ kó tó ro àmàlà. Họ́sítẹ́ẹ̀lì inú ọgbà ní òfin tirẹ̀ lórí sísè nínú yàrá. Ẹ ka òfin náà kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá ń rọ gáàsì, ẹ wo lẹ́tà T.W. tó wà lára ọrùn sílíńdà. Ìwọ̀n irin òfìfo ni. Bí ó bá jẹ́ 7 kílò, tí ẹ sì sanwó 5 kílò, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka 12, ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń rọ ọ́ kún un dé ẹnu. Gáàsì ń wú bí ooru bá mú, àyè gbọ́dọ̀ kù lókè. Tí ẹ bá délé, ẹ fi kànrìnkàn tẹ foomu ọṣẹ sí ibi tí rẹ́gúlétọ̀ ti so mọ́ sílíńdà àti ibi tí ọ́ọ̀sì ti so mọ́ sítóòfù. Bí foomu ọṣẹ náà bá ń wú sókè, ó ń jò. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rápálá sí, nítorí náà kò dára kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ti ń tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá gbóòórùn rẹ̀ lóru, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó gbé sílíńdà síta, kó má sì tan iná tàbí pa á. Ọ́ọ̀sì tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tó sì ń là, ọ̀tun ni ẹ rà, ẹ má fi téèpù dì í.

Fáànù tó ń gba iná sára wúlò nígbà ooru Máàṣì àti Épírì. Èyí tí báńtìrì rẹ̀ jẹ́ òjé máa ń rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń kú kíá bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ tán. Bí ọmọ bá fẹ́ wá sílé fún ìsinmi, kó fi iná kún un kó tó tilẹ̀kùn. Èyí tó jẹ́ líthíọ̀mù wọ́n, ó sì tọ́ sí owó rẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àgádágodo méjì, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin tó ní ìdérí, garawa méjì, gílóòbù LED, okùn iná (extension) tó nípọn. Ìyẹn tó.

Oúnjẹ oṣù kan péré ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ kó lọ. Ó dùn láti kó àpò gàrí àti kóńgò ẹ̀wà mẹ́wàá sínú ọkọ̀ bí ẹni fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kòkòrò á wọ ẹ̀wà, èlùbọ́ á hu, àwọn ará yàrá á sì jẹ ìyókù. Ọjà Mandate dára fún iṣu àti oúnjẹ gbígbẹ, Ìpàta fún ata, Ọjà Ọba fún àwo àti nǹkan kékeré. Ilé ìtajà ẹnu géètì ni kẹ́ẹ fi sílẹ̀ fún ohun tí ẹ gbàgbé. Owó oúnjẹ, ẹ máa fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan náà. Ọmọ tó gba owó oṣù kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ ọlọ́rọ̀.

Ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, náà wà fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ. Kò ní èlé, kò gba onídùúró. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú sì ń bọ́ sí àkáǹtì ọmọ. Nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN ni yóò fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ má fi ṣe owó ilé: onílé fẹ́ owó ọdún kan lójú kan náà, kò sì ní dúró de ìjọba.

Bí ilé bá wá já yín kulẹ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí kànga gbẹ tàbí tí olè ń wọlé, ẹ má sáré wá yàrá mìíràn láàárín sẹ̀mẹ́sítà. Ìgbà yẹn ni yàrá ṣọ̀wọ́n jù. Lẹ́yìn ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà kìíní, àwọn ọmọ kan máa ń kó jáde. Àwọn tó kù nínú yàrá á máa wá ẹni tí wọ́n jọ máa san ìlàjì owó. Ẹ ní kí ọmọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí onílé sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé. Kọmíṣọ̀n kì í sí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti ń gbé ilé náà yóò sì ti mọ oṣù tí omi rẹ̀ ń gbẹ.